Láti Sukur dé Bandiagara: Ta ni yóò máa to òkúta àwọn ìlú orí òkè?



Bí wọ́n bá ní kí ọmọ Yorùbá dárúkọ òkè tó gba ènìyàn là, Olúmọ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ọmọ Ẹ̀gbá á sọ pé abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn baba òun forí pamọ́ sí nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé. Ẹni tó bá sì ti Ìdànrè wá á júwe ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè, èyí tí àwọn ará ìlú fi sílẹ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀.

Àmọ́ Yorùbá náà ló sọ pé kò sí ibi tí wọn kì í dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló kàn dùn ju ara wọn lọ. Ní ìhà àríwá Nàìjíríà, ní Cameroon àti ní Mali, àwọn ènìyàn ti gun orí òkè lọ dá ìlú sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn ìlú wọ̀nyí ní ọ̀nà, oko, ààfin, ilé ìpàdé àti iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń gun òkè wá rà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ nípa wọn ni pé òkè ló gba àwọn ènìyàn náà là. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì ìtàn nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé àwọn ènìyàn náà ló ń tọ́jú òkè lọ́dọọdún. Lójú òde òní, ìdajì kejì yìí ló wà nínú ewu.

Sukur: Ibi àjogúnbá àgbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà

Sukur wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Madagali ní ìpínlẹ̀ Adamawa, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti Cameroon. Láti Yola, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, ó tó nǹkan bíi 290 kìlómítà. Ìlú náà wà lára àwọn òkè Mandara, ó sì ga ju 1,000 mítà lọ sí ìtẹ́jú òkun.

Ní ọdún 1999, àjọ UNESCO kọ orúkọ Sukur sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Òun ni ibi àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìwé náà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ lọ́dọọdún, kò wọ inú ìwé yẹn títí di ọdún 2005. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló wà tí wọn kò tíì gbọ́ orúkọ Sukur rí.

Ẹni tó bá ń lọ sí ààfin Sukur láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ yóò rí ọ̀nà kan tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́, tó ń gun òkè lọ bí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbé òkúta wọ̀nyẹn, ọwọ́ náà ni wọ́n fi tẹ́ wọn.

Bí èèyàn bá wo ọ̀tún àti òsì, oko ni yóò máa rí. Ara òkè kì í ṣe ibi tó rọrùn láti dáko, nítorí bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbá ilẹ̀ rere lọ sí ìsàlẹ̀, á sì ku àpáta lásán. Ọgbọ́n tí àwọn ará Sukur dá ni pé wọ́n gé ara òkè ní ìpele ìpele, wọ́n sì mọ ògiri òkúta kékeré sí etí ìpele kọ̀ọ̀kan láti dá ilẹ̀ dúró. Orí àwọn ìpele wọ̀nyí ni wọ́n ń gbin ọkà bàbà àti jéró sí. Àwọn ojúbọ náà wà láàárín oko, nítorí lọ́dọ̀ wọn, oko àti ẹ̀sìn kò jìnnà síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ògiri yẹn dáadáa. Kò sí sìmẹ́ǹtì nínú rẹ̀, kò sì sí amọ̀. Òkúta lásán ni wọ́n tò lé ara wọn, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè, tí wọ́n sì fi wẹ́wẹ́ há àárín wọn kí wọ́n má baà mì. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé àìní amọ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba àárín àwọn òkúta kọjá. Kò ní gbárajọ sẹ́yìn ògiri kó wá tì í wó.

Bákan náà ni agbo ilé wọn rí. Kànga wà níbẹ̀, àká ọkà wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pa ọkà wà níbẹ̀. Wọ́n tún ní ilé ẹran tí wọ́n gbẹ́ wọlẹ̀, tí wọ́n sì fi òkúta mọ, níbi tí wọ́n ń sin akọ màlúù sí. Inú ibẹ̀ ni màlúù náà ń gbé, tí wọ́n ń já koríko wá fún un. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí oko láti fi mú ilẹ̀ lọ́ràá. Lórí òkè tí ilẹ̀ kò pọ̀, wọn kì í fi nǹkan kan ṣòfò.

Irin ló gbé Sukur lórúkọ

Ohun tó mú kí òkìkí Sukur kàn ju àwọn òkè tó yí i ká lọ ni irin.

Nínú àpáta Mandara, irin wà. Tí òjò bá rọ̀, odò á fọ iyanrìn dúdú kan jáde láti ara àpáta, irin ló sì kún inú iyanrìn náà. Àwọn ará Sukur á kó o jọ. Wọ́n á gé igi, wọ́n á sun ún di èédú. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ìléru, wọ́n á da èédú àti iyanrìn irin sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa fẹ́ ẹwìrì sí i láìdúró títí irin yóò fi yọ́ jọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni alágbẹ̀dẹ á gbé e sí iná lẹ́ẹ̀kan sí i, tí yóò lù ú di ọkọ́, ọ̀bẹ, orí ọfà tàbí ọ̀pá irin tí wọ́n ń ná bí owó.

Àwọn oníṣòwò ń wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti láti apá Borno láti ra irin yìí. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ kan fi ń kọ ebè ní ibi tó jìnnà réré lè jẹ́ pé òkè Sukur ni wọ́n ti yọ́ irin rẹ̀.

Anthony Kirk-Greene, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó di onítàn, kọ̀wé nípa Sukur ní ọdún 1960. Ó rí i bí ìjọba ńlá kan tí ọba rẹ̀ lágbára. Nígbà tó yá, awalẹ̀pìtàn Nicholas David ti Fásitì Calgary ní Canada àti Judith Sterner lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ Sukur, wọ́n sì sọ ohun mìíràn. Lójú tiwọn, ìlú kékeré ni Sukur jẹ́. Kò ní ọmọ ogun tó ń kó àwọn ìlú mìíràn lẹ́rú, kò sì sí ẹgbẹ́ ọlọ́lá kan tó jókòó tí àwọn yòókù ń bọ́. Iṣẹ́ irin tí ìdílé púpọ̀ ń ṣe ló sọ ọ́ di ìlú tí gbogbo agbègbè mọ̀.

Èyí tó ọ̀rọ̀ àròjinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà, ìjọba tó jagun tó sì ṣẹ́gun ni wọ́n ń kà sí ìlú ńlá. Sukur di ìlú ńlá pẹ̀lú ẹwìrì àti èédú.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ní ipò tiwọn láwùjọ. Àwọn ló ń rọ irin, àwọn náà ló ń sin òkú. Àwọn ìyàwó wọn ló ń mọ ìkòkò, wọ́n sì tún ń gbẹ̀bí. Àwọn àgbẹ̀ kì í fẹ́ ọmọ wọn, wọn kì í sì í fi ọmọ fún wọn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ títí di ọjọ́ tó máa padà sínú ilẹ̀, kò sí ẹni tó lè ṣe é láìsí ìdílé alágbẹ̀dẹ.

Nígbà tí irin òyìnbó wọ ọjà ní ọ̀rùndún ogún, iṣẹ́ ìléru kógbá wọlé. Ẹni tó lè fi owó kékeré ra àlòkù irin kò ní fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sun èédú mọ́. Àmọ́ ìdàrọ́ irin ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí di òní, àti àwókù àwọn ìléru náà.

Ta ni Hidi?

Hidi ni wọ́n ń pe ọba Sukur. Ààfin rẹ̀ wà lókè pátápátá, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ń wo àwọn agbo ilé tó wà nísàlẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ìdílé Dur tó ń jọba níbẹ̀ wá láti Gudur, ní ilẹ̀ tó wà ní Cameroon lónìí. Ìwé UNESCO gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìdílé yìí sí ọ̀rùndún kẹtàdínlógún. Àmọ́ àwọn ènìyàn ti wà lórí òkè náà ṣáájú wọn.

Hidi kì í dá ìlú ṣe. Àwọn olóyè wà pẹ̀lú rẹ̀, ojúṣe kọ̀ọ̀kan sì wà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ètùtù àti ọdún. Bí ògiri ààfin bá ń ṣí, ọ̀wẹ̀ ni àwọn ará ìlú fi ń tún un tò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní Sukur, àgbájọ ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń gbé òkúta.

Nítorí èyí ni UNESCO kò ṣe ka Sukur sí àwókù ìlú. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni òkè náà pẹ̀lú oko rẹ̀, ojúbọ rẹ̀, ààfin rẹ̀ àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ènìyàn kúrò níbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé kò sí níbẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Àwọn tó ti ń to òkúta ṣáájú

Bí èèyàn bá kọjá ààlà sí Cameroon, lára àwọn òkè Mandara kan náà, yóò rí àwọn ilé òkúta mìíràn tó ti dá páropáro. Èdè Mafa ń pè wọ́n ní Diy-Gid-Biy, tó túmọ̀ sí àwókù ilé ọba. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, wọ́n wà káàkiri abúlé méje. Àwọn onímọ̀ gbà pé láàárín ọ̀rùndún kejìlá sí ìkẹtàdínlógún ni wọ́n kọ́ wọn. Òkúta lásán ni àwọn náà, láìsí amọ̀.

Kò sí ẹni tó mọ àwọn tó kọ́ wọn. Àwọn Mafa ti ń gbé agbègbè náà láti nǹkan bí ọ̀rùndún kẹẹ̀ẹ́dógún, oko wọn sì yí àwọn àwókù náà ká. Ní oṣù Keje ọdún 2025, UNESCO kọ ibẹ̀ náà sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé.

Ẹ fi méjèèjì wéra. Ní Diy-Gid-Biy, òkúta wà, orúkọ àwọn tó tò ó ti sọnù. Ní Sukur, òkúta wà, àwọn ọmọ ẹni tó tò ó wà, wọ́n sì lè sọ ohun tí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wà fún. Ìrìnàjò kékeré ló wà láàárín ìlú tó ń sọ̀rọ̀ àti ìlú tó ti dákẹ́.

Nígbà tí ogun gun òkè

Àwọn ará Sukur ti rí ogun rí kí ọ̀rọ̀ Boko Haram tó dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rùndún ogún, Hamman Yaji, olórí Madagali, ń gbógun ti àwọn ará òkè Mandara láti kó wọn lẹ́rú àti láti kó ẹran wọn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ó ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí ní èdè Lárúbáwá, láti ọdún 1912 títí di 1927. Inú ìwé náà ni ìgbà tó rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jáde wà, àti iye ènìyàn àti màlúù tí wọ́n kó bọ̀. Sukur wà lára àwọn ibi tí orúkọ wọn ń wáyé nínú rẹ̀. Ní ọdún 1927, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un, wọ́n sì yọ ọ́ lóyè. Lónìí, ìwé tí afipákónilẹ́rú náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa mọ́ ni ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ohun tó ṣe.

Agbègbè yìí ti wà lábẹ́ àkóso Jámánì rí, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, Sukur kò sí lára Nàìjíríà. Ìdìbò tó wáyé ní oṣù Kejì ọdún 1961 ló mú kí àríwá Cameroon tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ibi àjogúnbá àgbáyé àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní, ìbò ló gbé e wọlé.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2014 dé. Ní oṣù Kẹjọ, ikọ̀ Boko Haram gba Gwoza, ìlú tó wà ní ìhà àríwá lára àwọn òkè Mandara kan náà. Kò pẹ́ tí Madagali náà fi bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ gun orí òkè, bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe. Àmọ́ ní oṣù Kejìlá, àwọn agbésùnmọ̀mí náà gun òkè tọ Sukur lọ. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n ba dúkìá jẹ́, àwọn ará ìlú sì sá.

Iná lè jó òrùlé koríko, ó sì lè jó ọkà inú àká. Kò lè jó òkúta. Àmọ́ ẹni tó ti sá lọ sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé kò lè wà lóko nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ láti wo ibi tí ògiri ti ṣí. Bí òkúta kan bá já bọ́ tí kò sí ẹni tó gbé e padà, àgbàrá á rí ọ̀nà. Ọdún kejì, ihò náà á fẹ̀ sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Bó bá ti lanu tán, ilẹ̀ tí ọgọ́rùn-ún ọdún kó jọ lè ṣàn lọ láàárín ọdún díẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gba agbègbè náà padà ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ àwọn ará Sukur sì padà sórí òkè wọn. Wọ́n tún ilé bo, wọ́n tún oko ro. Kí àwọn aláṣẹ kankan tó dé láti ṣírò ohun tó bàjẹ́, àwọn ará ìlú ti ń gbé òkúta padà sí àyè rẹ̀.

Bandiagara: Ilé ìpàdé tí kò gba ìbínú láyè

Ẹ jẹ́ ká gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí orílẹ̀èdè Mali, lọ́dọ̀ àwọn Dogon. Ògiri àpáta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bandiagara. Ó gùn tó nǹkan bíi 150 kìlómítà, ibòmíràn sì wà lára rẹ̀ tó ga tó 500 mítà. Lókè rẹ̀, nísàlẹ̀ rẹ̀ àti lára rẹ̀ gan-an ni ìlú wà. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1989, ìlú àti abúlé 289 ló sì wà nínú ààlà ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Kí àwọn Dogon tó dé, àwọn mìíràn wà níbẹ̀. Àwọn Dogon ń pè wọ́n ní Tellem, ìyẹn àwọn tí a bá níbẹ̀. Láti ọ̀rùndún kọkànlá ni àwọn Tellem ti ń lo àwọn ihò àpáta tó wà lókè téńté, ibi tí ẹsẹ̀ kò rọrùn láti dé, láti kó ọkà pamọ́ àti láti tẹ́ òkú wọn sí.

Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn láti Netherlands wọ àwọn ihò náà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, wọ́n rí aṣọ òwú àti aṣọ irun àgùntàn, fìlà, ẹ̀wù àti ìrọ̀rí onígi. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ihò náà ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹrà. Wọ́n wà lára aṣọ tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí wọ́n tíì rí ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó bá ń rò pé ìhòhò ni àwọn ará àtijọ́ ń rìn gbọ́dọ̀ tún èrò wọn pa. Ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ẹnì kan ti jókòó sídìí òfì.

Nínú ìlú Dogon, ilé ìpàdé kan wà tí wọ́n ń pè ní toguna. Òpó ló gbé e ró, poroporo jéró tí wọ́n tò nípọn nípọn ló wà lórí rẹ̀. Òrùlé náà kò ga rárá. Àgbàlagbà tó bá wọlé gbọ́dọ̀ tẹ̀ba kó sì jókòó. Bí inú bá bí i láàárín ìpàdé tó fò dìde, orí rẹ̀ á gbá àjà. Ẹni tó yàwòrán ilé yẹn ti mọ ìwà ọmọ ènìyàn. Ó mọ̀ pé bí a bá fẹ́ parí ìjà, ìjókòó ló yẹ.

Láti ọdún 2012 tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní Mali, àwọn arìnrìnàjò afẹ́ tó máa ń lọ sí Bandiagara ti dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń fọ̀nà hàn wọ́n, àwọn tó ń gbà wọ́n sílé àti àwọn tó ń gbẹ́ igi tà fún wọn pàdánù iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wá burú ju owó lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 150 ní Ogossagou, abúlé Fulani kan ní agbègbè náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, wọ́n ya wọ Sobane Da, abúlé Dogon, wọ́n sì pa ènìyàn 35, gẹ́gẹ́ bí ìjọba Mali ṣe sọ. Kò sí ẹ̀yà kan tó dá jìyà. Àwọn tó ti ń ra wàrà lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń ra ọkà lọ́wọ́ ara wọn láti ìrandíran, wá ń bẹ̀rù ara wọn.

Nígbà tí abúlé bá sá, toguna á ṣófo. Òrùlé poroporo kì í tọ́jọ́ bí kò bá sí ẹni tó ń fi tuntun kún un. Ohun tó sì ṣòro jù láti tún kọ́ nínú rẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn àgbààgbà fi ń jókòó síbẹ̀.

Dala: Òkè tí ìlú gbé mì

Òkè kẹta wà láàárín ọjà àti ariwo mọ́tò. Òkè Dala wà nínú ìlú Kano, ìjọba ìbílẹ̀ kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìwé ìtàn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kano Chronicle, èyí tí H. R. Palmer túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1908, sọ pé orí òkè yìí ni Barbushe ń gbé. Ọdẹ tó lágbára tó fi ọ̀pá lásán pa erin ni ìwé náà pè é. Òun ni àwòrò òrìṣà Tsumburbura, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ àfi lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí àwọn ènìyàn bá wá láti ìhà gbogbo. Ìwé kan náà ló fi ìjọba Bagauda, ọba àkọ́kọ́ ní Kano, sí ọdún 999.

Bí ìtàn erin bá jẹ́ àsọdùn, irin kì í ṣe àsọdùn. Wọ́n ti rí ìdàrọ́ irin ní Dala, tó fi hàn pé àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ìlú tó di ọ̀kan lára àwọn ibùdó òwò tó tóbi jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ìdí ẹwìrì lẹ́bàá òkè ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tó fi iná sun Dala. Àwọn tó fẹ́ràn Kano tí wọ́n wá ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé yí i ká títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òkè ṣe lè pàdánù ohun tó mọ̀ nítorí pé ènìyàn sá kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè pàdánù rẹ̀ nítorí pé ènìyàn pọ̀ jù láìsí ẹni tó ń ṣàlàyé fún wọn orí ohun tí wọ́n ń gbé.

Kí ni ó yẹ ká ṣe?

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí irú àwọn ibi wọ̀nyí, ohun tí àwọn aláṣẹ sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni ìrìnàjò afẹ́. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ la títì, kí àwọn kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, kí àwọn ri pátákó mọ́lẹ̀. Títì dára. Aláboyún tó ń rọbí lórí òkè mọ̀ bí ó ti dára tó. Ṣùgbọ́n pátákó kì í to òkúta.

Ohun mẹ́ta ló ń mú kí ìlú orí òkè dúró. Èkíní ni ààbò. Ẹni tó bá ń sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù kò ní gbin ọkà tó máa dúró oṣù mẹ́rin kó tó gbó. Ààbò Sukur kò ṣeé yà kúrò lára ààbò Madagali àti Gwoza, nítorí òkè kan náà ni.

Èkejì ni oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀dọ́ tí kò rí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ lórí òkè yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ní Yola, Mubi tàbí Bamako, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Bí ìjọba àti àwọn àjọ àgbáyé bá ní owó láti fi tún ògiri ṣe, ọwọ́ àwọn ará òkè ló yẹ kí owó náà kọ́kọ́ dé. Kí wọ́n gba ọmọ ìlú tó mọ òkúta tò síṣẹ́. Kọngílá tó bá ti ìlú ńlá wá pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì yóò di ojú ibi tí omi ń gbà, ògiri náà á sì wó.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀. Iṣẹ́ òkúta kò sí nínú ìwé. Ọmọ ń kọ́ ọ nípa gbígbé òkúta fún baba rẹ̀, tí baba á sọ pé, "Rárá, yí i padà, ojú rẹ̀ kejì ni kó wọlé." Bí ọmọ kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí baba ṣì lágbára, ẹ̀kọ́ náà á bá baba lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Diy-Gid-Biy nìyẹn. Òkúta kù, àmọ́ àlàyé lọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá kò ní láti rìn jìnnà kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wọn. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí ti wo ààfin àtijọ́ tí kò sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ dákẹ́, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn, wọ́n sì mú ọba àti ọdún wọn dání. Àwọn tí ìbọn lé kúrò lórí òkè kò ráyè di ẹrù.

Ní Sukur, lẹ́yìn òjò, iṣẹ́ kan wà tí kò ní orúkọ ńlá. Àgbẹ̀ á jáde, á rìn yí oko rẹ̀ ká, á wo etí ìpele kọ̀ọ̀kan. Níbi tí òkúta bá ti yẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á gbé e, á yí i títí yóò fi jókòó dáadáa. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Iṣẹ́ yẹn ni UNESCO wá kọ sínú ìwé ní ọdún 1999, òun náà ló sì yẹ kí gbogbo ètò ààbò àti ètò owó ṣe ọ̀nà fún, kí àgbẹ̀ náà lè jáde lọ́la, kí ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀lé e.